Ta Ló Mọ Ibi Tí Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí, fóònù kan ló fà á.

Obìnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Lọ́kọ́ja ló gbé fóònù náà wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà. Ó fi gèlè wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ yẹn la sin ọkọ náà. Àìsàn ọjọ́ mẹ́fà péré ló mú un lọ. Àbúrò ni mo máa ń pè é, òun náà a sì máa pè mí ní Bọ̀dá. Etí odò ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ń ra iṣu, ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òkè odò bọ̀, ó sì ń kó wọn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ lójú ọ̀nà Àbújá àti nísàlẹ̀ odò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìlú wa yìí ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, ibẹ̀ náà sì ni olú ilé iṣẹ́ àjọ NIWA wà, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa bójú tó ọ̀nà omi ilẹ̀ wa. Èbúté odò Lọ́kọ́ja, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń fà láti ọdún pípẹ́, ló jẹ àbúrò mi lógún jù. A máa sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù bá bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ síbẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ọkọ̀ tèmi náà láàárín wọn."

Nítorí ọkọ̀ yẹn ló ṣe ń tọ́jú owó. Kò tọ́jú rẹ̀ ní náírà. Ta ni kò mọ ìdí? Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500. Owó ẹni tó ń tọ́jú náírà ń yọ́ bí iyọ̀ inú omi. Àwọn ọ̀dọ́ etí odò ló fi owó kírípítò hàn án. Bó bá ti jèrè díẹ̀, á ra èyí tí wọ́n ń pè ní USDT, owó orí ẹ̀rọ tí wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ dọ́là Amẹ́ríkà, á sì fi í sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó," ni obìnrin náà wí. "Owó ilé ìwé àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀."

A tan fóònù náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà mọ píìnì rẹ̀, torí pé òun ló máa ń fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ wọ́lẹ́ẹ̀tì, ó béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé mìíràn tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní bí a bá ti gbàgbé, kí a kọ ọ̀rọ̀ méjìlá wa síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjìlá wo? A wá inú Bíbélì rẹ̀. A wá inú ìwé orin. A wá inú ìwé tó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀, a ká kápẹ́ẹ̀tì, a tú fọ́tò ìgbéyàwó wọn kúrò nínú férémù. Kò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ ló wá rí àdírẹ́ẹ̀sì wọ́lẹ́ẹ̀tì náà nínú ọ̀rọ̀ tí olóògbé fi ránṣẹ́ sí oníbàárà kan lórí WhatsApp. Ó fi wò ó nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí gbogbo ayé lè rí. Owó náà wà níbẹ̀. A rí i kedere, kò dín sẹ́ńtì kan. Obìnrin náà na ìka, ó fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn lójú fóònù, ó sì wò mí lójú. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Àbúrò mi kì í ṣe àpà. Kò ná owó náà ní ìnákúnàá, kò sì fi fún àjèjì. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe: wọ́n ní kó má ṣe sọ ọ̀rọ̀ méjìlá yẹn fún ẹnikẹ́ni láyé. Ó gbọ́ràn títí ó fi kú. Ìgbọràn yẹn náà ló sọ ìyàwó rẹ̀ di ẹni tó káwọ́ lérí. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lè ṣí i, ṣé tèmi nìkan náà ni? Ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún olè, tó sì fi pamọ́ fún ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú, ṣé olùtọ́jú rere ni?

Kí ni wọ́lẹ́ẹ̀tì gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn àgbà wa tí kò mọ̀ ọ́n. Orúkọ náà ń tan ni jẹ. Wọ́lẹ́ẹ̀tì kì í tọ́jú owó. Kò sí owó kankan nínú fóònù náà. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló wà, tí wọ́n ń pè ní blockchain, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé jọ ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé iye báyìí wà ní àdírẹ́ẹ̀sì báyìí. Àdírẹ́ẹ̀sì yẹn dà bí ojú kóló: ẹnikẹ́ni ló lè sọ owó sí i. Ṣùgbọ́n kí owó tó lè jáde, àfi kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni wọ́lẹ́ẹ̀tì ń tọ́jú.

Nọ́ńbà gbọọrọ kan ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún, tí kò sí orí ènìyàn tó lè há a sórí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ méjìlá, tàbí mẹ́rìnlélógún, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń ṣà láti inú ọ̀rọ̀ 2,048 tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n, irú èyí tí ọmọ ilé ìwé lè pè. Ṣùgbọ́n ètò wọn ni agbára wọn. Ẹni tó bá ní kí òun máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí òun á fi bá a pàdé, yóò sàn kó lọ máa ka yanrìn etí Odò Ọya. Ẹni tó bá sì ní ọ̀rọ̀ méjìlá náà bó ṣe tò, ì báà wà ní Lọ́kọ́ja, ì báà wà ní Ṣáínà, ó lè ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn lórí fóònù mìíràn kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ẹ wá fi wé iṣẹ́ èbúté. Ẹrù dé, ìwé ẹrù sì wà. Ẹni tó bá mú ojúlówó ìwé ẹrù wá ni wọ́n ń gbé ẹrù lé lọ́wọ́. Bí ìwé bá sọnù, wàhálà dé o, àmọ́ ọ̀nà ṣì wà. Ẹ lè lọ búra ní kóòtù, ẹ lè mú ẹlẹ́rìí wá, akọ̀wé ibẹ̀ sì lè ti mọ ojú yín láti ọdún mẹ́wàá. Ní báńkì náà, bí ọkọ bá kú, opó lè gba ìwé àṣẹ nílé ẹjọ́, kó lọ fi gba owó ọkọ rẹ̀. Yóò pẹ́, wọ́n á dá a lágara, ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tó lè bá sọ̀rọ̀. Nídìí wọ́lẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, kò sí ọ̀gá èbúté. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn kò mọ opó, kò mọ ọmọ òrukàn, bẹ́ẹ̀ ni kò dá olè mọ̀. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ méjìlá wá lolówó.

Lóòótọ́, ìjọba ti dá sí ọ̀rọ̀ owó yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì má ṣe bá àwọn oníkírípítò da nǹkan pọ̀ mọ́. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2023, wọ́n tú okùn náà sílẹ̀. Ní ọdún 2025, òfin tuntun lórí ìdókòwò fi irú owó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú àjọ SEC. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin lè mú arúfin, ṣùgbọ́n òfin kan kò lè bá òkú rántí ọ̀rọ̀ méjìlá.

Àwọn tó ṣílẹ̀kùn jù

Ẹ má ṣe rò pé mò ń sọ pé kò yẹ kí àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Arábìnrin kan tí mo mọ̀ gba ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp pé wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti fẹ́ kú, pé kó tètè fi ọ̀rọ̀ méjìlá rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n bá a tún un ṣe. Àwòrán ilé iṣẹ́ wà lójú ọ̀rọ̀ náà, èdè rẹ̀ sì fín. Ó kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi ẹ̀bà tó gbé kaná kò tíì hó tí gbogbo owó náà fi lọ. Ẹ jẹ́ kí n wí i ní gbangba: kò sí ilé iṣẹ́ òtítọ́ kankan tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ méjìlá lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, olè ni, ì báà máa pè yín ní Mọ́mì, ì báà kí yín ní ìkíni ọlọ́jọ́ Olúwa.

Àwọn mìíràn á ya àwòrán ọ̀rọ̀ méjìlá náà sínú fóònù. Fóònù mìíràn ń fi gbogbo àwòrán ránṣẹ́ sórí ayélujára láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín fura. Ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì wọn ti jí kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú. Àwọn kan ń gba nọ́ńbà ìdánilójú nípasẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́, gbájúẹ̀ á sì lọ fi ẹ̀tàn gba káàdì SIM tuntun lórí nọ́ńbà wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ fi ń ní kí a lo ẹ̀rọ tó ń ṣe nọ́ńbà náà lórí fóònù wa fúnra rẹ̀, dípò àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn tí owó wọn pọ̀ ń ra ẹ̀rọ kékeré kan tó rí bíi fílàáṣì, tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé inú rẹ̀ tí kì í jáde bọ́ sórí ayélujára.

Àwọn kan sì wà tí kò fẹ́ wàhálà kọ́kọ́rọ́ rárá. Wọ́n á kó owó sí ilé pàṣípààrọ̀, kí oníṣòwò ibẹ̀ máa bá wọn tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. A kúkú ń kó owó fún alájọ láti ìgbà àwọn bàbá wa. Àmọ́, a mọ ilé alájọ wa. Ní ọdún 2014, ilé pàṣípààrọ̀ Mt. Gox ní Tokyo wó lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ Bitcoin àwọn oníbàárà rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, FTX tí gbogbo ayé ń pọ́n lé wó. Ní tòsí wa níhìn-ín, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ọ̀rọ̀ CBEX ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn wa kó owó sí i torí èrè gọbọi tí wọ́n ṣèlérí. Nọ́ńbà tó ń pọ̀ sí i lójú fóònù ni wọ́n ń rí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba owó, ilẹ̀kùn ti tì. Àjọ SEC ní àwọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Ní Ìbàdàn, inú bí àwọn kan débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ń kó àga. Àga ni wọ́n fi gbẹ̀san owó.

Àwọn tó tìlẹ̀kùn jù

Ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun. Láyé owó ẹyọ, àwọn àgbà kan ń ri owó mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, tí ikú á sì mú wọn lọ láìjẹ́ pé wọ́n fi ibẹ̀ han ọmọ kankan. Ilẹ̀ ló jogún wọn.

Ní ìlú Newport ní Wales, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ James Howells ní ọdún 2013 pàdánù apá kan kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ Bitcoin bí 8,000 wà nínú rẹ̀. Ó bá pàǹtírí lọ sórí ààtàn ìlú. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bẹ ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tú ààtàn náà. Ó gbé ẹjọ́ lọ, ní oṣù kìíní ọdún 2025 adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ẹlòmíràn, Stefan Thomas, ní Bitcoin 7,002 nínú ẹ̀rọ kan tó ń gba ìgbìyànjú mẹ́wàá péré kó tó ti ara rẹ̀ pa títí láé. Bébà tó kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ sí ti sọnù. Nígbà tí ìtàn rẹ̀ dé etí ayé ní ọdún 2021, ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ wo bí ènìyàn ṣe lè jẹ́ ọlọ́rọ̀ láàárọ̀ kó má rí owó ọkọ̀ san!

Ní ti àwa ará Lọ́kọ́ja, omi ni ààtàn tiwa. Ẹ ò ní tíì gbàgbé àkúnya omi ọdún 2012, àti ti ọdún 2022 tó gé ọ̀nà Gànájà, tó wọ Adánkólò, tí àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi wá ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ méjìlá sórí bébà kan ṣoṣo, tó sì fi í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, odò lè ka bébà náà kí ọmọ rẹ̀ tó kà á.

Òróró àti tálẹ́ńtì

Mo lọ sínú Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú ìbéèrè mi. Mátíù orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni mo dúró sí, torí pé òwe méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, tó sì dà bíi pé wọ́n ń ta ko ara wọn.

Nínú èkíní, wúndíá mẹ́wàá ń retí ọkọ ìyàwó. Márùn-ún gbé òróró dání, márùn-ún kò gbé. Nígbà tí àwọn òmùgọ̀ ní kí àwọn ọlọ́gbọ́n fún àwọn nínú òróró wọn, àwọn ọlọ́gbọ́n kọ̀. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, mo máa ń bínú sí wọn. Mo ní, irú ahun wo nìyí? Àgbà ló jẹ́ kó yé mi pé ohun kan wà tí a kì í yá ni. Bí wọ́n bá pín in, fìtílà gbogbo wọn á kú. Ọ̀rọ̀ méjìlá dà bí òróró yẹn. Ẹ kò ṣe ahun bí ẹ bá fi du ọ̀rẹ́, ọ̀gá, tàbí aláàánú tó ní òun fẹ́ bá yín tún nǹkan ṣe.

Nínú èkejì, ọ̀gá kan fi tálẹ́ńtì lé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó gba ẹyọ kan lọ ri í mọ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ ọ́ nù. Olè kò jí i. Kò dín kọ́bọ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ààbò, òun ló ṣe ààbò jù nínú wọn. Síbẹ̀ ọ̀gá rẹ̀ bínú sí i, nítorí ìdí tí wọ́n fi fi owó náà lé e lọ́wọ́ kọ́ ni kó wà láìlábàwọ́n nínú ilẹ̀. Ó tọ́jú ohun náà, ó gbàgbé ẹni tó ni ín.

Ibi tí òwe méjèèjì ti pàdé nìyí, bí odò wa méjèèjì: ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i kò gbọ́dọ̀ rí i gbà, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i kò gbọ́dọ̀ wá a tì. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Mo tún fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan

Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, Gerald Cotten ni ọ̀gá ilé pàṣípààrọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní QuadrigaCX. Ó kú sí Íńdíà ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kéde pé òun nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, pé owó àwọn oníbàárà ti há. Àánú ṣe àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aláṣẹ tú ìwé wò, ní ọdún 2020 wọ́n gbé e jáde pé ọ̀pọ̀ nínú owó náà kò há rárá. Jìbìtì ọkùnrin náà ló ti jẹ ẹ́ run kó tó kú. Àwọn tó jẹ ní gbèsè lé ní 76,000. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni aṣọ tó fi bo ìdí ìwà rẹ̀.

Mo ń ka ìtàn yìí, mo ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni orí mi wálé.

Èmi náà ní wọ́lẹ́ẹ̀tì. Ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba ló ṣí i fún mi, a sì máa fi nǹkan ránṣẹ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ń wá ọ̀rọ̀ méjìlá nílé olóògbé, ìyàwó mi wà níbẹ̀, ó ń bá opó náà gbé ọmọ. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Bàbá wa, ṣé ẹ̀yin náà ní irú nǹkan yẹn?" Mo ní, "Díẹ̀ ni." Kò bi mí mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi sùn dáadáa. Mo máa ń sọ fún ara mi pé torí ààbò ni mo ṣe fi pamọ́ fún un. Mo wá bi ara mi pé, ta ni mò ń bẹ̀rù? Ìyàwó mi kì í ṣe olè. Kì í ṣe aláròká. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ní ọdún tó kọjá, àbúrò rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, ó ní kí n bá òun wá nǹkan sí i, mo ní kò sí. Ó wà. Bí ó bá rí wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn, yóò rí iye tó wà níbẹ̀, yóò sì rí ọjọ́ tó débẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ààbò, ìtìjú ni.

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, "Bébà náà ńkọ́, ibo ló wà?" Mo fi hàn án. Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ kò tíì tán láàárín wa, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú lónìí, kò ní fi gèlè wé fóònù kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà yìí, ẹ bi ara yín bí mo ti bi ara mi: ohun tí mo tì pa yìí, ṣé olè ni mo tì í mọ́, àbí ẹni tó lè bi mí ní ìbéèrè?

Kí la wá lè ṣe?

Mo mọ ohun tí àwọn kan á sọ. Wọ́n á ní, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òótọ́ ni. Ilé mìíràn wà tí ìyàwó kò ṣeé finú hàn, ilé mìíràn sì wà tí ọkọ kò ṣeé finú hàn. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ wà tí wọn kì í jẹ́ kí òkú tutù kí wọ́n tó máa kó ẹrù opó. Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí a ronú sí i nígbà tí ara ṣì le. Kí ènìyàn mọ̀ pé owó wà, ọ̀tọ̀. Kó mọ ibi tí bébà wà, ọ̀tọ̀. Kó ti ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ọ̀tọ̀. Ẹ lè fún ẹnìkan ní èkíní, kí ẹ fún ẹlòmíràn ní èkejì, kí àpòòwé náà sì wà ní lílẹ̀ pa, kó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i, ẹ ó mọ̀.

Ẹ fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sórí bébà; ẹ má kọ ọ́ sínú fóònù. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì sí ibi méjì, kí ọ̀kan wà níbi tí omi kò lè dé láé. Àwọn mìíràn ń fín in sára irin nítorí iná àti omi. Ẹ má ṣe pín in ní mẹ́fà-mẹ́fà fún ẹni méjì, torí bí mẹ́fà kan bá sọnù, mẹ́fà kejì ti di òfo. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ méjìlá sínú ìwé ìhágún. Wọ́n á kà á lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibi tí àpòòwé wà ni kí ìwé ìhágún sọ. Kí ẹ tó kó owó tó jọjú síbẹ̀, ẹ fi owó kékeré dán an wò: ẹ pa wọ́lẹ́ẹ̀tì náà rẹ́, kí ẹ fi bébà yẹn ṣí i padà. Ẹni tí kò bá lè ṣe é lónìí pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, opó rẹ̀ kò ní lè ṣe é pẹ̀lú omijé. Bí gbogbo èyí bá sì ti pọ̀ jù fún yín, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ má ṣe fi owó tí ẹ kò lè pàdánù síbẹ̀.

Ní ti opó yìí, owó náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ kan ti ń pè é pé àwọn lè bá a ṣí i, bó bá lè san owó iṣẹ́ díẹ̀ ṣáájú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó kọ́kọ́ wá bi mí. Ó ti ń dúró nídìí ọjà ọkọ rẹ̀ báyìí, ní etí odò, ó ń ra ìrẹsì, ó ń wọn ẹja gbígbẹ. Ìjọ san owó ilé ìwé sáà kan fún àwọn ọmọ náà. Nígbà mìíràn, ọmọbìnrin àgbà yẹn á tan fóònù bàbá rẹ̀, á wo nọ́ńbà náà, á sì pa á.

Ikú kì í dájọ́. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ bi ara yín: yàtọ̀ sí èmi, ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà? Bó bá jẹ́ pé kò sẹ́nikẹ́ni, ẹ bi ara yín ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì dáhùn lótìítọ́.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti pa ohun tó fi lé wa lọ́wọ́ mọ́, kó sì fún wa ní ọkàn tí kò ní sin ín mọ́lẹ̀. Àmín.